Àwọn Jímọ̀ Tí Mi Ò Pe Ìyá Mi

Láńgbásá, Ajah,
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Ṣẹ̀rífátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Nígbà tá a wà nílé ìwé, tíṣà wa kọ́ wa pé tí èèyàn bá fẹ́ kọ lẹ́tà, ohun tó máa kọ́kọ́ kọ ni pé àlàáfíà lòun wà, àti pé òun ní ìrètí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tóun ń kọ̀wé sí wà. Mi ò ní kọ ọ́ sínú èyí. Ara mi ò yá, Àbẹ̀kẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí. Dókítà ní ó ti rẹ ọkàn mi, pé kì í tú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi fi ń wú, tí mo sì ní láti to ìrọ̀rí mẹ́ta léra kí n tó lè sùn. Oògùn wà tí mò ń lò. Wọn ò sọ pé mo máa kú lọ́la, wọn ò sì ṣèlérí pé wàá bá mi nígbà tó o bá dé. Ìyá ẹ ní kí n má sọ fún ẹ títí wàá fi lọ, wàá fi bọ̀, kí ọkàn ẹ lè balẹ̀ níbi ẹ̀kọ́. Wàsíù ẹ̀gbọ́n ẹ náà fara mọ́ ọn. Èmi náà ti fara mọ́ ọn fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n irú irọ́ yìí gan-an, wọ́n ti pa á fún mi rí.

Wàá máa bi ara ẹ pé láti Ajah sí Igbó Ẹfọ̀n tó ò ń gbé, kí ló wá kan lẹ́tà? Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù. Nígbà àkọ́kọ́, o wà nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń gbé yín lọ sí èbúté, ariwo pọ̀. Nígbà kejì o ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo máa pè yín padà." Mo ṣì ń retí ẹ. Nígbà kẹta, bí mo ṣe ní kí n la ẹnu, ìyá ẹ wọlé. Lónìí ó ti lọ sí àsàlátù, kò sì ní dé títí oòrùn á fi mú. Nítorí náà mo jókòó sídìí tábìlì. Tó bá ti rẹ̀ mí, màá sinmi díẹ̀ kí n tó máa bá a lọ. Tó o bá rí i pé ìkọ̀wé mi ń wọ́ sọ́tùn-ún wọ́ sósì, fara dà á, simẹ́ńtì ni ọwọ́ yìí mọ̀, kò mọ bírò.

Kí n yáa sọ èyí kó o tó ju lẹ́tà sílẹ̀ kó o máa sunkún bọ̀: o máa lọ. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí wọ́n jọ gbà síṣẹ́ ní èbúté, ẹ̀yin mẹ́rin péré ni wọ́n yàn pé kẹ́ ẹ lọ sí Sípéènì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa kéréènì ńlá tó ń gbé kọ̀ńténà, ìwọ nìkan sì ni obìnrin. Oṣù mẹ́fà ò jìnnà. Bàbá ẹ fi orúnkún wọ́lẹ̀ to táìlì káàkiri Lẹ́kkí Phase 1, ilé tí mo ti kúnlẹ̀ sí níbẹ̀ pọ̀ ju mọ́ṣáláṣí tí mo ti kúnlẹ̀ sí lọ, kí Ọlọ́run forí jì mí. Ìwọ ló wá fẹ́ lọ jókòó sókè pátápátá yẹn. Tó o bá fagi lé e nítorí mi, mi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, wíwú ẹsẹ̀ mi ò sì ní lọ sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Kì í ṣe lílọ ẹ ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí irọ́ wọ àárín èmi àti ìwọ nígbà tó o bá wà lọ́hùn-ún, kó wá jẹ́ pé irọ́ yẹn lo máa bá nílé dípò mi.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. O mọ̀ pé mo lọ sí Màlábò rí, ṣùgbọ́n ohun tó o mọ̀ nípa ẹ̀ ò ju pé mo lọ, mo sì bọ̀. Erékùṣù ni. Pànyá ni àwọn àgbà wa ń pè é. Èdè Sípáníìṣì tó o fẹ́ lọ bá ní Sípéènì yìí náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, torí àwọn ará Sípéènì ló jọba lé wọn lórí láyé àtijọ́. Ẹnì kan wá kó àwa onítáìlì mẹ́jọ láti Ajah, ó ní iṣẹ́ wà níbẹ̀, pé wọ́n ń kọ́lé fún àwọn tó rí epo rọ̀bì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ẹ́ nígbà náà. Mo fi ìwọ, Wàsíù àti ìyá yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, mo di irinṣẹ́ mi, mo lọ. Mi ò kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wọn kí n tó lọ. Mo ní táìlì ò gbọ́ èdè kankan, ẹni tó bá ti lè tò ó kó gún, ó parí.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́ èdè náà kó o tó dé ọ̀hún, kó o sì fi ẹnu kọ́ ọ. Mo rí ẹ níjelòó tó ò ń tẹ fóònù, tí fóònù ń dún tó o bá ti gbà á. Ó dáa, àmọ́ ìka ẹ ló ń kẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ẹnu ẹ ò tíì kọ́ nǹkan kan. O sọ fún mi pé èdè òyìnbó ni wọ́n máa fi kọ́ yín. Nínú kíláàsì nìyẹn. Ta ló fẹ́ bá ẹ sọ èdè òyìnbó nídìí búrẹ́dì? Tí inú bá ń run ẹ́ ńkọ́, ṣé wàá dúró de olùkọ́ kó wá bá ẹ ṣàlàyé ni?

Obìnrin kan wà tó ń se oúnjẹ fún àwa òṣìṣẹ́ ní Màlábò, Dónyà Pílà. Bá a ṣe ń fi "Ìyá" ṣáájú orúkọ níbí náà ni "Dónyà" yẹn. Èmi á dé ibẹ̀, màá nawọ́ sí ìkòkò ìrẹsì. Ó máa wò mí, ó máa dé ìkòkò. Màá tún nawọ́. Ó máa ká ọwọ́ mọ́ àyà. Lọ́jọ́ kẹta, ebi ti ń pa mí gan-an, ló bá na ìka sí ẹnu ara ẹ̀, ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: arọ́sì, pọ fabọ́. Ìrẹsì, ẹ jọ̀ọ́, nìyẹn. Mo sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ó bu ìrẹsì fún mi, ó bù ú kọjá ìwọ̀n, ó sì fi ẹja lé e. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀ tí kò kọ́ mi ní nǹkan kan kó tó gbé àwo fún mi. Wá Dónyà Pílà tìẹ, Àbẹ̀kẹ́. Ó máa ń wà níbi tí wọ́n bá ti ń ta oúnjẹ. Ojúmọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè náà sílẹ̀. Bó ṣe rí létí mi ni mo fẹ́ kọ ọ́ fún ẹ. Ìwọ tó o mọ ìwé, lọ wá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Ó dáa fún àwa Yorùbá torí ẹnu wa mọ a, e, i, o, u wọn, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe ń pè é. "Buẹ́nọs díyas" ni kó o fi kí èèyàn láàárọ̀, kó o sì kí wọn o. Má wọ ṣọ́ọ̀bù èèyàn kó o máa béèrè nǹkan láìkí wọn, wọn ò fẹ́ ẹ, bí àwa náà ò ṣe fẹ́ ẹ. "Grásias" ni ẹ ṣeun. "Dónde ẹstá" lo máa fi béèrè ibi tí nǹkan wà. Abéèrè kì í ṣìnà. "Mẹ duẹ́le akí" túmọ̀ sí pé ibí ló ń dùn mí, wàá fi ọwọ́ sí ibẹ̀. Ka iye dé ogún, kó o má máa na ìka sáfẹ́fẹ́. Wọ́n ní ìwọ, wọ́n sì ní ẹ̀yin bíi tiwa. Ní Màlábò, ẹ̀yin ni wọ́n fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi pé ní Sípéènì ọmọ kékeré lè pe àgbà ní ìwọ, kí àgbà máa rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá pè ẹ́ bẹ́ẹ̀, gbé e mì. Ìwọ ní tìẹ máa fi ẹ̀yin bá àgbà wọn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó kú torí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un.

"Nó kómo sẹ́rdo." Èyí, kọ ọ́ sí ọwọ́ ẹ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Òun ni pé mi ò kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ Hausa kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, Àdámù, tó ti gbọ́ èdè wọn dáadáa, ló wo inú àwo ẹ̀wà mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ráfíù, ṣé o mọ nǹkan pupa tó ò ń jẹ yẹn?" Mo ní sóséèjì ni. Ó ní, "Sóséèjì kí ni?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń jẹ ẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tún máa ń ní kí wọ́n fi kún un. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n àìmọ̀ yẹn, ọ̀lẹ mi ló fà á. Mi ò béèrè torí mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi béèrè. Má sọ fún Álífà.

Jẹ́ kí n mu omi.

Èyí tó kàn ló tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ èdè yìí, òun sì ni ìyá mi jìyà ẹ̀. "Nó ẹntiẹ́ndo": kò yé mi. Èyí tó tẹ̀ lé e, "más dẹspásio, pọ fabọ́": ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́. Tó bá jẹ́ méjèèjì yìí nìkan lo gbé wọ bàálù, ó ti tó. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àgbà ò ní máa bá ẹ sọ̀rọ̀ kó o máa wò ó lójú, kó o ní kò yé ẹ. Wàá tẹrí ba, wàá ní bẹ́ẹ̀ ni sà, tó bá yá wàá wá ẹlòmíì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé kí ni bàbá yẹn sọ. Ẹ̀kọ́ ilé ni nílé. Lẹ́nu iṣẹ́ lójú àjò, ewu ni.

Ọ̀gá iṣẹ́ wa pè mí lọ́sàn-án kan. Ó tọ́ka sí mi, ó tọ́ka sí òkun, ó sọ̀rọ̀ tó gùn, ó wá dákẹ́, ó ń wò mí. Mo mọ̀ pé ìbéèrè ni. Mo tẹrí ba, mo ní "sí, senyọ́." Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ó jọ pé kò dá a lójú, ó tún un béèrè. Mo tún tẹrí ba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ní sí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ lù mí léjìká. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n di ẹrù mi. Ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ sí ìlú kan tó ń jẹ́ Bátà, ní òdìkejì òkun, oṣù mẹ́rin ni mo lò níbi tí fóònù kan ò sí nítòsí. Ìgbà tí mo padà dé Màlábò ni Àdámù sọ fún mi pé ohun tí ọ̀gá béèrè ni bóyá mo ní ará ilé tó máa wá mi tí wọn ò bá gbúròó mi fún oṣù mẹ́rin, àti pé tí mo bá ní, kí n sọ, òun á mú ẹlòmíì. Wọ́n bi àwọn méjì ṣáájú mi. Wọ́n ní rárá, ẹnikẹ́ni ò fi wọ́n ṣe nǹkan kan. Ó ń bẹ̀ mí ni, kò pàṣẹ fún mi. Èmi ni mo fi ọ̀wọ̀ ta ara mi.

Wàá ní kí ló kan ìyá mi níbẹ̀. Kí n tó kúrò nílé, àdéhùn wà láàárín èmi àti wọn. Kò sí fóònù nílé wa. Obìnrin kan wà ní oríta, Ìyá Kẹ́hìndé, tó na agboorun tó fi ń pe fóònù fáwọn èèyàn. A ní gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, màá pe nọ́ńbà Ìyá Kẹ́hìndé, Màmá á sì ti wà níbẹ̀. Mo ṣe é fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ni Bátà. Ìyá Kẹ́hìndé fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dé: gbogbo Jímọ̀ oṣù mẹ́rin yẹn, Màmá rìn wá láti ilé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Tí fóònù bá dún, wọ́n á dìde. Tó bá jẹ́ ti ẹlòmíì, wọ́n á jókòó padà. Ìwọ náà tẹ̀ lé wọn nígbà míì, mi ò mọ̀ bóyá o rántí.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, màá di gbogbo ẹ̀ ru ọ̀gá àti èdè wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé Màlábò, fóònù wà níbẹ̀, mi ò sì pè. Ojú ń tì mí. Mo ní oṣù mẹ́rin, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo fẹ́ kọ́kọ́ rí nǹkan gidi fi ránṣẹ́, kí n lè sọ pé ẹ wò ó, ohun tí mo lọ wá rèé. Àwa tó bá wà lájò, bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. A ò fẹ́ kí ilé gbọ́ ohùn wa tí ọwọ́ wa bá ṣófo, bí ẹni pé nǹkan tó wà lọ́wọ́ wa ni wọ́n bí. Mo fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣe ìyẹn. Nígbà tí mo wá pe nọ́ńbà Ìyá Kẹ́hìndé, ìyá ẹ ló gbé e. Mo ní Màmá ńkọ́? Ó ní wọ́n ti lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́dọ̀ àbúrò wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpè yẹn ni wọ́n ti sin Màmá.

Tún un kà, Ṣẹ̀rífátù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dúró. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò bá fi bá wọn lórí fóònù.

Oṣù méje ni wọ́n fi pa á mọ́ fún mi. Màmá ń sùn. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ohùn Màmá ti há, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kí yín. Mo máa ń sọ pé kí wọ́n bá mi kí wọn, ìyá ẹ á ní wọ́n ti gbọ́. Wọn ò fẹ́ kí n gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹsẹ̀ mi má yẹ̀ níbi gíga. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Mo ra ìborùn kan, àwọ̀ búlúù, fún òkú.

Ọjọ́ tí mo wọlé, gbogbo ilé ló dìde. Wọ́n gbé omi, wọ́n gbé oúnjẹ. Mo ní Màmá dà? Wọ́n ní ẹ jẹun ná, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ jẹ. Mo gbé àwo lé itan. Ìwọ wá, o fọwọ́ kan ìborùn yẹn, o ní, "Dádì, ta lẹ ra èyí fún?" Mo ní Màmá Àgbà. O ní, "Màmá Àgbà ti kú tipẹ́, wọ́n ti gbé wọn lọ." Báyẹn náà lo ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Mo gbá ẹ létí. Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn, ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi, ìwọ nìkan ni mo sì nà. O ṣubú lu ẹsẹ̀ àga. Mi ò tọrọ àforíjì nígbà náà, mi ò sì tọrọ ẹ̀ títí dòní, torí bàbá kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ nílé tiwa. Mo ń tọrọ ẹ̀ báyìí. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ó dùn mí.

Mo sinmi díẹ̀ níbí. Oòrùn ti ń mú, mo sì fẹ́ parí kí ìyá ẹ tó dé. Mi ò rántí iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé. Kí n kàn máa dà wọ́n sílẹ̀.

Mú ọjọ́ kan àti àkókò kan, kó o pè mí. Aago wọn àti tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, bó bá pọ̀ jù wákàtí kan ni, nítorí náà má fi ìyẹn ṣe àwáwí. Tó ò bá ní lè pè, sọ fún mi ṣáájú pé o ò ní lè pè, kí n má jókòó tì í. Kó o fi nǹkan sórí sítátọ́ọ̀sì kì í ṣe pé o bá mi sọ̀rọ̀ o. Mo máa ń rí ẹ níbẹ̀, gbogbo ayé náà ló ń rí ẹ. Ká ohùn ẹ sórí fóònù, ìṣẹ́jú kan, kódà kó jẹ́ pé ò ń jẹun lọ́wọ́, fi ránṣẹ́. Mo máa ń gbọ́ ohùn èèyàn ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo máa ń gbọ́ ọ léraléra.

Kọ nọ́ńbà wa sínú ìwé. Tèmi, ti ìyá ẹ, ti Wàsíù. Fóònù ń bọ́ sínú omi, àwọn olè sì wà ní Sípéènì bí wọ́n ṣe wà ní Ajah. Kó o mọ tèmi sórí. Dìde báyìí kó o kà á, mo mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n.

Má dúró de ìròyìn ayọ̀. Tó o bá ṣe dáadáa, pè. Tí wọ́n bá bú ẹ, pè. Tó o bá já níbi ìdánwò kéréènì, kọ́kọ́ pè mí kó o tó nu ojú. Ọwọ́ òfo kọ́ ni mò ń retí, kì í sì í ṣe ọwọ́ tó kún. Ohùn ni.

Tí mo bá bi ẹ́ pé ara ńkọ́, má kàn ní a dúpẹ́ kó o dákẹ́. Gbogbo wa la ń sọ ọ́, ẹni tó ń kú lọ náà ń sọ pé a dúpẹ́. Sọ ọ́, kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà kó o wá sọ bí ara ṣe rí gan-an. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ. Tí mi ò bá lè gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn, màá sọ. Tí wọ́n bá dá mi dúró ní ọsibítù, wàá gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn. Mi ò ní máa tọ́jú ẹ bí ẹyin. Ẹni tó lè gbé kọ̀ńténà lè gbé ìròyìn.

Èyí tó kù ló nira láti kọ. O mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í tọ́jú òkú pa mọ́. Tó bá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ni wọ́n máa sin mí. Kò sí bàálù tó lè gbé ẹ bá a. Má sáré, má bínú sí ẹnikẹ́ni, má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹ pé ò bá ti tètè bọ̀. Dúró níbẹ̀, kírun, parí ẹ̀kọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ mọ̀. Mo ti pinnu pé Wàsíù ló máa pè ẹ́, kó tó pe Álífà, kó tó pe àwọn ẹbí, kí wọ́n tó wẹ̀ mí. Màá mú un búra. Tó bá pè ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, gbé e.

Bàálù ẹ Ọjọ́bọ̀ ni. Wá lọ́jọ́rú. Mi ò fẹ́ ká dágbére ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí gbogbo èèyàn á máa wo aago, tí ìyá ẹ á máa ti gaàrí mọ́ ẹ lápò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gba àyè níbi iṣẹ́, wá láti àárọ̀, ká jókòó.

Ìyá ẹ ti dé. Mi ò gbọ́ ìgbà tó ṣílẹ̀kùn. Ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn, ó ní, "Bàbá Wàsíù, kí lẹ̀ ń kọ láti òwúrọ̀?" Mo rò ó pé kí n fi ọwọ́ bò ó. Ó rẹ̀ mí láti fi nǹkan pa mọ́. Mo kó gbogbo ẹ̀ fún un.

Ìdúró ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé ibi tí mo ti sọ nípa fóònù, ó wá àga. Ó kà á tán, ó tò ó jọ, kò bínú bí mo ṣe rò. Ó ní, "Ẹ ò bi mí rí."

Mo ní, "Kí ni?"

"Bó ṣe rí lára mi. Àwọn bàbá yín ló pè mí jókòó, wọ́n ní ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Mo kéré, ilé yín ni mo wà, ta ni mo fẹ́ kọ̀ fún? Ọwọ́ mi ni Màmá kú sí, Bàbá Wàsíù. Tí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀ níwájú Ìyá Kẹ́hìndé, mi ò kì í lè rìn dé ilé."

Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé èmi nìkan ni irọ́ yẹn ṣe. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun náà. Ó ti di ẹni méjì lọ́jọ́ kan.

Ó jókòó títí, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n kọ ọ́ fún ẹ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí, pé kó o wá lọ́jọ́rú, kó o sì lọ ní Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí ibi tí mo kọ orúkọ Wàsíù sí. Ó ní kí n pa á rẹ́, kí n fi tòun síbẹ̀, pé òun fúnra òun ló máa pè ẹ́.

Mo ti pa á rẹ́.

Èmi ni bàbá ẹ,
Ráfíù.